Mo Pàdé Ọya ní Èkó

Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ní í máa sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Èmi gan-an ni ọmọ náà, títí di ọjọ́ Sátidé kan tí mo bá ara mi lórí ìlà ní Èkó, láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí mo lè bí, tí gbogbo wa ń dúró kí wọ́n gbà wá wọlé. Ọmọkùnrin tí ó wà níwájú mi dé akoto onírin bí ẹni tí ó fẹ́ fò lọ sínú òṣùpá. Èyí tí ó wà lẹ́yìn mi fi ẹfun kun ojú, ó so ìyẹ́ mọ́ èjìká. Èmi nìkan ni mo wọ bùbá àti ṣòkòtò, tí mo dé fìlà. Ọmọ kan tilẹ̀ wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, aṣọ yín yìí dára o. Ta ni ẹ múra bí?" Mo ní, "Mo múra bí ará Ìlobù." Ó mi orí, ó ní òun kò tíì ka ìwé yẹn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni mo gbé relé, òun náà ni mo sì fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Àpèjọ tí mo lọ, ti àwọn tí ó fẹ́ràn ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ni, pẹ̀lú àwọn tí ń ya ìwé ìtàn aláwòrán. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àléébù tí mo fẹ́ tọ́ka sí kì í ṣe ti àwọn tí ó pè é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fà mí lọ. Ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ní Ìlobù, ó sì gbájú mọ́ ìwé kan débi pé kì í gbọ́ bí a bá pè é jẹun. Mo bi í pé kí ló wà nínú ìwé náà. Ó ní, "Bọ̀dá, ìtàn ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni." Mo ní irọ́ nìyẹn nígbà náà. Ó ní, "Rárá o. Ẹni tó bá ní ó ti ṣẹlẹ̀ ló ń purọ́. Èyí ò ní ó ti ṣẹlẹ̀. Ó kàn ń bèèrè pé bó bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ àlàyé tí ó yé mi tó bẹ́ẹ̀ lórí irú ìtàn yìí. Àlọ́ a máa sọ pé ní ayé àtijọ́. Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì a máa sọ pé bí ó bá di ọ̀la. Bí ẹ̀rọ kan bá dé tí ó lè gbọ́ èrò ọkàn ènìyàn, ta ni yóò ni ín? Ìjọba ni, àbí olówó, àbí olè? Bí òkun bá gba Èkó lọ́wọ́ wa, níbo ni àwọn ará Èkó yóò sá sí, ta ni yóò sì ta ilẹ̀ fún wọn? Ẹ ó rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Irú àpèjọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan àná. Oṣù Keje ọdún 1939 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ èyí tí wọ́n pè ní ti gbogbo ayé, ní New York ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó wá sì tó bí igba ènìyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn, a óò padà sí i. Nílé wa níhìn-ín, ọdún 2012 ni Lagos Comic Con bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ayàwòrán àti àwọn òǹkàwé wọn fi rí ibi péjọ sí ní Èkó. Ní ọdún 2016 ni wọ́n dá ẹ̀bùn Nommo sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Áfíríkà tí ń kọ irú ìtàn yìí. Níbi àjọ̀dún ìwé Aké ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti kéde àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á, ní 2017. Ìwé tí ó gba ti ìtàn gígùn lọ́dún náà ni Rosewater, tí Tade Thompson kọ. Ní 2019, ìwé kan náà gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní ìlú Òyìnbó. Ọmọ Yorùbá ni Thompson. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i, Nàìjíríà ló ti dàgbà, ó sì jẹ́ dókítà tí ń tọ́jú àrùn ọpọlọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìlà. Nígbà tí a wọlé tán, ariwo tí mo bá níbẹ̀ ju ti Ọjà Ọba ní Òṣogbo lọ. Ní apá kan, wọ́n to ìwé aláwòrán jọ bí ẹni to iṣu. Ní apá kejì, àwọn ọmọdé gbé nǹkan bojú, wọ́n ń ju ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ń bá ohun tí èmi kò rí jà. Ṣàngó wà níbẹ̀ lára páálí, mànàmáná ń jáde ní ìka rẹ̀. Ògún wà níbẹ̀, idà ọwọ́ rẹ̀ ń tàn bí gílóòbù. Inú mi dùn. Mo ní, "Hẹn-ẹ́n, àwọn ọmọ yìí ò gbàgbé ilé."

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ọya. Ọmọbìnrin kan ni, bóyá ọmọ ogún ọdún. Ó wọ aṣọ pupa fòò, ó de ìwo ẹfọ̀n méjì mọ́rí, ó kun ojú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi bà mí díẹ̀. Mo ṣe bí ọmọlúàbí, mo ṣí fìlà, mo ní, "Ìyá, mo júbà o. Báwo ni ẹ ṣe fi odò sílẹ̀?" Ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó wò mí, ó sì kúnlẹ̀ tòun ti ìwo lórí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mò ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, mi ò lè sọ ọ́ dáadáa. Mọ́mì mi ló gbọ́ ọ."

Mo ní kò burú, kó dìde. N kò fi í ṣe ẹ̀sín, nítorí ọmọ náà ti ṣe ju èmi lọ. Ó sọ fún mi pé ọwọ́ ara òun lòun fi rán aṣọ náà, ó sì mọ ìdí tí ìwo fi jẹ́ ti ẹfọ̀n, tí kì í ṣe ti màlúù. Ohun gbogbo tí a lè fi ojú rí lára Ọya ló mọ̀. Èyí tí a ń fi etí gbọ́ nìkan ni kò mọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kan ṣoṣo tí a fi Yorùbá kọ. Mo wo orí tábìlì kan, mo wo èkejì, mo wo gbogbo èyí tí ẹsẹ̀ mi lè gbé mi dé. Orúkọ Yorùbá kò wọ́n lẹ́yìn ìwé, àmọ́ bí mo bá ti ṣí inú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè dé ilẹ̀. Mo bi ọmọkùnrin kan tó ń tajà pé ṣé kò sí ti Yorùbá ni. Ó fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn: "Dádì, ta ló máa rà á?"

Kí a má ṣe jẹ́ kí ìbínú sọ wá di aláìmoore. Mo ra Rosewater bọ̀, mo kà á tán, n ó sì sọ tinú mi. Ìwé gidi ni. Ọdún 2066 ni ìtàn náà wà. Ẹ̀dá kan ti wá láti ayé mìíràn, ó wọ ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì gbé dómù ńlá kan dé orí ara rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni dómù náà máa ń ṣí, aláìsàn tó bá sì wà nítòsí yóò rí ìwòsàn. Òkú pàápàá a máa dìde, ṣùgbọ́n kì í sí ọkàn nínú wọn mọ́. Èyí ló mú kí èrò wọ́ wá títí tí ìlú odindi fi sọ dó yí i ká. Kaaro tí ó jẹ́ olórí ìtàn ti jalè rí kí ó tó di amí ìjọba. Ó lè gbọ́ èrò ọkàn ènìyàn, nítorí pé ẹ̀dá náà ti tú ohun kékeré kan sínú afẹ́fẹ́, irú èyí tí í mú kí búrẹ́dì bu, òun ló sì so ọkàn gbogbo ènìyàn pọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà ni pé ìyanu kò sọ ènìyàn di áńgẹ́lì níbẹ̀. Ìwòsàn di ọjà. Ìjọba fẹ́ fi í ṣọ́ ará ìlú. Ilé ìfowópamọ́ gba Kaaro síṣẹ́ kí olè má baà ti inú ọkàn wọlé jí owó oníbàárà. Ẹni tó bá ti to ìlà epo ní Nàìjíríà rí yóò gbà pé òótọ́ ni: bí ìyanu bá dé ìlú wa lónìí, kó tó di ọ̀túnla, àwọn kan á ti máa ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé ń gbé wa fò láti ọdún kan sí òmíràn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń ṣí ojú ewé sẹ́yìn láti mọ ibi tí mo wà. Ìkejì ni pé, bí Kaaro bá ń ronú, n kò gbọ́ ohùn ọmọ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ jọ ìkíni wa òwúrọ̀.

Ìwé kejì tí mo rà ni èyí tí Wole Talabi kọ ní 2023 lórí Ṣìgìdì àti orí idẹ Ọbalùfọ̀n. Nínú rẹ̀, àwọn òrìṣà ti di ilé iṣẹ́, wọ́n ní ọ̀gá, wọ́n ní òṣìṣẹ́. Àdúrà àti ẹbọ ni owó tí ń wọlé, ó sì ti ń gbẹ nítorí pé àwọn olùsìn ń dínkù. Wọ́n wá rán Ṣìgìdì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa dẹ́rù ba ènìyàn lójú oorun, pé kí ó lọ jí orí idẹ náà kó ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo rẹ́rìn-ín púpọ̀, ẹ̀rín náà sì korò díẹ̀, nítorí pé ní tòótọ́, ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 ṣì wà nínú ilé náà di òní olónìí.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Ṣìgìdì. Òǹkọ̀wé ní láti jókòó ṣàlàyé ẹni tí í ṣe fún òǹkàwé tí kò mọ̀ ọ́n rí, bí àlejò tó ń sọ orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nílé wa, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé bí ṣìgìdì bá fẹ́ ṣe eré ẹ̀tẹ́, a ní kí wọ́n gbé òun sójò. Gbólóhùn kan yẹn ti tó láti jẹ́ kí a mọ̀ pé amọ̀ ni í, pé ó ní agbára, pé ìgbéraga lè pa á. Ẹni tó bá fi Yorùbá kọ ìtàn yìí kò ní ṣe àlàyé kankan, òjò nìkan ni yóò jẹ́ kó máa ṣú.

Ẹ̀kẹta ni Iwájú, eré aláwòrán tí Disney àti àwọn ọ̀dọ́ ilé iṣẹ́ Kugali gbé jáde ní 2024. Èkó ọjọ́ iwájú ló fi hàn wá: ọkọ̀ ń fò, ọmọ olówó ń gbé ní Erékùṣù, ọmọ tálákà wà ní òdìkejì omi. Àwọn ọmọ ilé wa fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni orúkọ eré, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Ó wá dà bí ilé tí a kọ orúkọ wa sí lára ògiri, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mo ní kí ẹ fi ọdún 1939 sọ́kàn. Ní 1938, ọdún kan ṣáájú àpèjọ ti New York, D. O. Fágúnwà ti gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní Yorùbá. Nígbà tí àwọn Òyìnbó igba ń péjọ láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dá abàmì, àwọn ọmọ ilé ìwé wa ti ń bá Àkàrà-Ògùn wọ inú igbó. Àwọn kan máa ń sọ nítorí èyí pé Fágúnwà ni bàbá ìtàn sáyẹ́ǹsì wa. Mo fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n n kò gbà tán. Ẹgbé, kánàkò àti àféẹ̀rí kì í ṣe sáyẹ́ǹsì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí ó ni ẹgbé, òun nìkan ni ẹgbé ń gbé, bí ó bá sì kú, ó lè gbé e lọ sọ́run. Ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti ṣe é, ẹlòmíràn lè ṣe irú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà àti ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Amos Tutùọlá ló fi ẹsẹ̀ kan sí ìhín, tó fi ìkan sí ọ̀hún. Nínú ìwé rẹ̀ kejì, tí ó jáde ní 1954, iwin obìnrin kan wà nínú igbó tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nínú àtẹ́lẹwọ́ náà ni ọmọ tó sọnù ti rí ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹ rántí pé oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Lónìí, ta ni kò gbé iwin yẹn sí àtẹ́lẹwọ́, tó ń fi í wo ìyá rẹ̀ láti ìlú òkèèrè? Ọmọ Abẹ́òkúta ni Tutùọlá. Ní Abẹ́òkúta náà ni wọ́n ti kéde ẹ̀bùn Thompson. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni Tutùọlá fi kọ tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ gbé lọ. Ti Fágúnwà pàápàá, Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ọkọ̀ ń kó ẹrù lọ láti ọ̀dọ̀ wa ṣáá, òfìfo ló ń padà bọ̀.

Wọ́n á ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ sáyẹ́ǹsì. Irọ́ ńlá! Nígbà tí rédíò dé, àwọn bàbá wa wò ó, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́ èsì ẹnikẹ́ni, wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ nìyẹn, ẹjọ́ sì ni pẹ̀lú. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ti rí i pé ohùn ìjọba yóò máa wọ yàrá wa, ohùn tiwa kò ní dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Sáyẹ́ǹsì pàápàá kì í ṣe àlejò mọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, ibùdó kan wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní ìmọ̀ òfurufú láti 1998. Ní 2003, Nàìjíríà ní sátẹ́láìtì tirẹ̀ lókè. Èdè tí kò bá lè sọ̀rọ̀ nípa àwọn nǹkan wọ̀nyí yóò di èdè òkú àti ti oríkì nìkan. Àwọn ọmọ wa á máa fi í sọ ibi tí a ti wá, wọn kò ní lè fi í sọ ibi tí a ń lọ.

Mo fẹ́ dán an wò. Nígbà tí mo padà dé Ìlobù, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, àwọn ọmọ agboolé jókòó yí mi ká. Bàbá ọdẹ kan ní àdúgbò wa náà wà níbẹ̀, ó ń fọwọ́ ra orúnkún. Mo ní n ó sọ ìtàn Rosewater fún wọn. Ibi dómù ni mo ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Mo ní "dómù", wọ́n dákẹ́. Mo ní "òrùlé róbótó", wọ́n ṣì dákẹ́. Bàbá ní, "Igbá ni. Wọ́n da igbá bolẹ̀." Gbogbo ọmọ ní háà! Kí n tó sọ òmíràn, ọmọbìnrin kékeré kan ní, "Kí ló wà lábẹ́ igbá?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti ka dómù yẹn nínú Gẹ̀ẹ́sì láìmọye ìgbà, n kò bèèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí òǹkọ̀wé tó sọ fún mi. Òrùlé ni dómù. Igbá kì í ṣe òrùlé: ẹni tó bá da igbá bo nǹkan ń tọ́jú nǹkan ni, tàbí ó ń fi í pamọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ṣí ìtàn náà níwájú ọmọ ọdún mẹ́fà.

Mo ń bá ìtàn lọ. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ̀dá náà ti ń wo gbogbo aláìsàn sàn, tí inú àwọn ọmọ ń dùn, Bàbá da ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní, "Dúró ná, ọmọ mi. Ẹni tó ń wo gbogbo ayé sàn yìí, kí ló ń gbà? Kò sí adáhunṣe tí kì í gba nǹkan." Ara mi bù máṣọ. N kò ní tú àṣírí ìwé náà fún ẹni tí kò tíì kà á, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn gan-an ni ìwé náà gbé kalẹ̀, ó sì pẹ́ kí èmi tó rí i. Bàbá tí kò ka ìwé mẹ́fà rí rí i láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí pé ní èdè tó ti ń gbọ́ láti kékeré ló fi gbọ́ ọ. Kò sì yà á lẹ́nu pé ẹ̀dá kan wọ inú ilẹ̀ kó wá di nǹkan mìíràn. Ọmọ Ìlobù ni, ìlú tí ọdẹ erin tẹ̀ dó, níbi tí a ti ń sọ ìtàn Erinlẹ̀, ọdẹ tó wọlẹ̀ tó di odò.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí àwọn tó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí, kí wọ́n gbé ìwé wọn padà wálé. Kí ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, bí ẹ bá fún ọmọ ní àròkọ lórí "Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi", kí ẹ fún un ní òmíràn lórí ọjọ́ tí kò tíì dé. Kí àwa tí a ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn jẹ́wọ́ pé a jẹ̀bi: láti ìgbà tí mo ti di ìwé mú, n kò kọ ojú ewé kan rí ní Yorùbá nípa ohun tí Ìlobù lè dà ní àádọ́ta ọdún sí i. Ọmọ orí ìlà yẹn ní òun kò tíì ka ìwé ará Ìlobù. Báwo ni yóò ṣe kà á? Kò sí ẹni tó tíì kọ ọ́.

Ìbéèrè ọmọ tó ń tajà ló kù: ta ló máa rà á? Èmi ni ẹni kìn-ín-ní. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ẹnì kejì?